Bí Ilda Ṣe Gba Primo Zamaro Sílé

Ní ìlú Valdrusa, bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹni tó mọ àlejò gbà, orúkọ Ilda Morassut ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn. Kì í ṣe àlejò tó máa jẹun tán kó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kó máa lọ. Àwọn tí ọpọlọ wọn ti dàrú rí ni Ilda ń gbà, àwọn tí wọ́n ti pẹ́ ní Ibẹ̀ yẹn, tàbí tí ilé ìwòsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ tí wọn ò sì ríbi tí wọ́n máa padà sí. "Ibẹ̀ yẹn" ni wọ́n ń pe ilé olódi gíga tó wà ní ẹ̀yìn ìlú, èyí tí ìjọba tì pa nígbà tí òfin tuntun dé pé wọn ò gbọdọ̀ ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé mọ́. Wọn kì í fẹnu kan orúkọ rẹ̀ gan-an. Nígbà tí wọ́n tì í pa, wọ́n fún díẹ̀ nínú àwọn tó jáde níbẹ̀ ní ilé alájà kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ní kí Ilda máa mójú tó o.

Obìnrin gíga ni Ilda, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, sìgá sì ti sọ ohùn rẹ̀ di ohùn ọkùnrin. Ọkọ rẹ̀ bá iṣẹ́ bíríkìlà lọ sí ilẹ̀ Jámánì, kò wẹ̀yìn mọ́. Ilé yìí ni Ilda wá fi ṣe ọkọ, ó fi ṣe ọmọ.

Kì í fi ìkánjú gba ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ wá jẹun ọ̀sán, á padà síbi tó ti wá, á tún wá lọ́jọ́ mìíràn. Bí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, Ilda ò ní fi dandan mú un. Á mú un wọ yàrá, á ní kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó wò ó bóyá ó le jù, á ní kó ṣí fèrèsé kó tún pa á dé. Lẹ́yìn náà á fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Àwọn mìíràn á máa wo kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún bí ẹni wo ejò, nítorí ní Ibẹ̀ yẹn, ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà.

Ilda á ní, "Tiyín ni. Bó bá wù yín, ẹ ti èmi gan-an mọ́ta."

Ohun mìíràn wà tí ó fi ń yangàn. Kì í gba ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó bi àwọn ará ilé. Nídìí tábìlì ni, níṣojú gbogbo wọn, á béèrè lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Àwọn dókítà máa ń wá láti ìlú mìíràn wá wo bó ṣe ń ṣe é.

Nínú àwọn ará ilé náà, Severina Cudin ni ọkàn rẹ̀ fà mọ́ jù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Severina nígbà tí bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá mú un. Ó bímọ láìlọ́kọ, ọmọ náà kú, láti ìgbà náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ó fi máa jáde ní Ibẹ̀ yẹn, irun orí rẹ̀ ti funfun. Òun ló ń lọ aṣọ gbogbo ilé, òun ló gbin ewé jíjẹ tí wọ́n ń pè ní radicchio sí ẹ̀yìnkùlé, èyí tó máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nígbà òtútù. Ó ju Ilda lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ "ẹ̀yin" ló ń pè é. Ohun yòówù tí o bá ní kó ṣe, "Bẹ́ẹ̀ ni" ló máa fi dá ọ lóhùn. Ilda ka èyí sí ìwà pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí oṣù kọkànlá ń parí lọ, Nane, tó jẹ́ àgbà ilé, sùn kò jí. Kò pẹ́ tí wọ́n sin ín ni Dókítà Pascolat pe Ilda lórí tẹlifóònù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà yìí, òun ló ń tọ́jú àwọn ará ilé.

"Ilda, ṣé yàrá Nane ṣì ṣófo?"

"Erùpẹ̀ sàréè rẹ̀ ò tíì gbẹ, Dókítà. Ta lẹ tún rí?"

"Bàbá kan ni, Primo Zamaro. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn ò bímọ. Àwọn apẹja ló rí i láàárín odò Tagliamento. Omi ti mù ún dé ìbàdí, ó jókòó sórí òkúta bí ẹni ń retí bọ́ọ̀sì. Ó ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà náà. Mi ò lè dá a padà sílé lóun nìkan."

Ilda mú ọsàn àti sìgá, ó lọ wò ó. Ọkùnrin tó ti sígbọnlẹ̀ rí ni, ṣùgbọ́n ara ti fà á sílẹ̀, ẹ̀wù ilé ìwòsàn kàn rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn ni. Kó tó gba ọsàn, ó wo Ilda lójú.

"Ṣé wọ́n ti sọ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ fún yín?"

"Wọn ò sọ."

"Ibẹ̀ yẹn ni. Ọkọ̀ ni mo ń wà. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ láti ilé ẹnì kan, èmi ni mo ń lọ gbé e wá."

Ilda bi í pé, "Ṣé ẹ máa ń lù wọ́n?"

"Mi ò gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lù, mi ò purọ́. Èmi, ẹnu dídùn ni mo fi ń mú wọn." Bí ẹni ń fi àmì ẹ̀yẹ han ènìyàn ló ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí Ilda ń padà bọ̀ wálé, àánú bàbá náà ló gba ọkàn rẹ̀. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó ń gbé ènìyàn lọ ti wá di ẹni tí wọ́n ń gbé kiri yìí. Bí ilé tiwọn bá kọ̀ ọ́, ilé wo ló máa gbà á? Ó tún rò ó pé bí àwọn ará ilé bá lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé wọ́n ti jáde kúrò ní Ibẹ̀ yẹn lóòótọ́ nìyẹn. Èrò yìí dùn mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó da polenta, ọkà àgbàdo gbígbóná, sórí pákó láàárín tábìlì, èéfín ń rú túú. Ó mú ìgbákọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tíì bu oúnjẹ.

"Ẹ gbọ́ o. Ẹnì kan fẹ́ wá sí yàrá Nane. Mi ò ní fi nǹkan kan pa mọ́ fún yín. Awakọ̀ Ibẹ̀ yẹn ni nígbà kan, òun ló ń gbé ènìyàn lọ. Ara rẹ̀ ò yá báyìí, kò sì lẹ́nì kan. Kí lẹ rí sí i?"

Gildo, ọkùnrin sísanra kan tó máa ń bá rédíò rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ló kọ́kọ́ lanu.

"Ṣé ó ṣì mọ ọkọ̀ wà? Kó gbé wa lọ sí etí òkun Lignano nígbà ẹ̀ẹ̀rùn o. Ó ti fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lófẹ̀ẹ́ rí lọ sí Ibẹ̀ yẹn, ẹ bi í, ó máa rántí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ilda náà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ ni mo bi ọ́, Gildo. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, kó ṣáà má fọwọ́ kan rédíò mi."

Àwọn tó kù gbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan Severina, ó ń rún búrẹ́dì wẹ́wẹ́ sórí aṣọ tábìlì.

"Severina, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. Kò gbójú sókè.

Ilda bu oúnjẹ.

Nígbà tí Primo wá jẹun ọ̀sán, Severina fúnra rẹ̀ ló gbé àwo síwájú rẹ̀, tó da wáìnì sí ife rẹ̀. Primo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ilda ń wò wọ́n láti ìdí iná, orí rẹ̀ wú. Kí Kérésìmesì tó dé, Primo ti kó ẹrù rẹ̀ wọ yàrá Nane, èyí tó kọjú sí yàrá Severina.

Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn bàbá náà nínú ilé. Ó tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe, ó ń la igi, ó ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Gildo ti ń bá a ta káàdì. Severina ni nǹkan yí padà fún. Kò ya irun mọ́. Ó gbé àwo rẹ̀ kúrò nídìí tábìlì, ó ń jẹun lórí àtẹ̀gùn, ìgbà tó yá kò jẹ ẹ́ mọ́ rárá. Ìrì dídì bo ewé radicchio rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ewé rà, kò lọ wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Ilda wọlé lọ jí i, ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó de bọ́tìnnì dé ọrùn, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, okùn rẹ̀ dì le.

"Severina, ṣé òtútù ń mú yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ilda fi kún iná. Severina ṣì ń wọ bàtà sùn.

Dókítà Pascolat ní àìsàn rẹ̀ àtijọ́ ló padà, ó sì fi kún oògùn rẹ̀. Ọwọ́ Ilda ni Severina ti ń gba oògùn náà láàárọ̀ àti lálẹ́, á gbé e mì, á la ẹnu kí Ilda rí i pé ó ti lọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní Ibẹ̀ yẹn. Ilda ò ní kó lanu o. Severina kàn ń là á ni. Oògùn yìí mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ arúgbó, ṣùgbọ́n kò bọ́ bàtà.

Ìgbà tí oṣù kìíní ń lọ sópin, wọ́n wá a láàárọ̀, wọn ò rí i. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ló sọ fún Ilda pé ìyá kan tó wọ ẹ̀wù òtútù bọ́ọ́lẹ̀ ní Roncùz, abúlé tí Severina ti wá. Ilda gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó sáré lọ.

Ilé bàbá Severina ti wó, ewéko ti bo ìdajì rẹ̀. Igi kan ṣoṣo ló dúró lágbàlá, irú èyí tí wọ́n ń já ewé rẹ̀ fún kòkòrò ṣẹ́dà nígbà àtijọ́. Severina jókòó sí ìdí rẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í. Ilda fẹ́ bú u, ó fẹ́ gbá a mọ́ra, kò wá mọ èyí tó máa ṣe. Ó jókòó tì í lórí ilẹ̀ tútù.

Lẹ́yìn náà Severina bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá igi sọ ọ́.

"Ibí yìí ni mo wà. Mo gun orí rẹ̀, mo ní mi ò sọ̀kalẹ̀. Bàbá mi mú àkàbà wá, mo ta á nù. Wọ́n wá mú un wá."

"Ta ni?"

"Primo. Ó sọ pé, 'Ọmọ dáadáa, sọ̀kalẹ̀, jẹ́ ká lọ rajà ní ìlú Udine.' Ohùn rẹ̀ dùn. Gbogbo ilé ti ń pariwo mọ́ mi láti ọjọ́ yìí, òun ò pariwo. Mo sọ̀kalẹ̀. Aṣọ àwọ̀sùn ló wà lọ́rùn mi, mi ò wọ bàtà. Mo ní kí n lọ wọ bàtà. Ó ní, 'Má ṣèyọnu, kò jìnnà, a máa tètè dé.'"

Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ Severina ni Ilda ń wò.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Mo bi yín. Mo bi yín nídìí tábìlì, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni."

Severina yíjú sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, kò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ìwọ," ló wí. Kò pè é ní ẹ̀yin. "Ìwọ lo mú ìgbákọ dání. Ìwọ lò ń bu oúnjẹ. O dúró lórí wa, gbogbo wọn ti gbà, o wá ní èmi ńkọ́. Kí lo fẹ́ kí n wí? Ní Ibẹ̀ yẹn, ẹni tó bá ní rárá, orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń fi ìgbànú de ènìyàn ni wọ́n ń gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Òun ni mo wí tí wọ́n fi dá mi sílẹ̀ fún ọ."

Ilda rántí gbogbo bẹ́ẹ̀ ni tó ti gbọ́ lẹ́nu obìnrin yìí. Bẹ́ẹ̀ ni sí oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni sí àwọ̀ fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ni sí aṣọ tí wọ́n rà fún un. Kò mọ èwo ló jẹ́ òótọ́ nínú wọn, kò sì sí bó ṣe lè padà lọ ṣà wọ́n.

Ó mú un padà sí Valdrusa, ṣùgbọ́n kò mú un lọ sí ilé alájà náà. Ilé tí Ilda fúnra rẹ̀ ń gbé ló mú un lọ, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un, ó sì padà lọ bá Primo.

Primo ń bó ọ̀dùnkún ní ilé ìdáná. Ilda sọ gbogbo rẹ̀ fún un, igi, àkàbà, ẹsẹ̀ lásán. Primo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Mi ò rántí," ló wí. "Ẹ dárí jì mí, mi ò rántí rẹ̀. Wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló wà lórí nǹkan kan tàbí lábẹ́ nǹkan kan." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. "Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn. Wọ́n ní ká máa sọ pé kò jìnnà. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe wọ́n. Àwọn tó kù ń fi okùn dè wọ́n, èmi ń fi ohùn pẹ̀lẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Màá kúnlẹ̀."

"Màá bi í," ni Ilda wí.

Ó bi í, ṣùgbọ́n kì í ṣe nídìí tábìlì, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ilé Ilda ni wọ́n wà, Severina lókè, Ilda nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ní Primo fẹ́ wá tọrọ àforíjì. Ó ní kò pọn dandan kó dáhùn lónìí.

"Rárá," ni Severina wí.

Ilda dúró bóyá ó máa fi nǹkan kún un. Severina di igi àtẹ̀gùn mú bí ẹni tó ń retí kí wọ́n wá gbé òun. Ilda ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́." Ó wọlé lọ sè kọfí. Ìgbà tó gbé e padà dé, Severina ṣì dúró síbẹ̀.

Nígbà tí Ilda sọ fún un pé Primo ò lè gbé inú ilé náà mọ́, Dókítà Pascolat bínú gidigidi.

"Ilda, ẹ ò lè gba ènìyàn sílé kẹ́ ẹ tún lé e síta. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti rí ọkùnrin yìí. Bó bá padà sódò ńkọ́?"

"Mo mọ̀, Dókítà."

"Kò ṣe nǹkan kan nínú ilé yín. Gbogbo wọn ló gbà á."

"Wọn ò gbà á. Èmi ni mo gbà á, mo kàn fi ẹnu wọn gbà á ni."

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni Dókítà rí àyè kan ní ilé bíi tiwọn lórí òkè Carnia, nítòsí ààlà Austria. Ilda sọ pé òun fúnra òun ni òun máa gbé bàbá náà lọ. Gildo gbé àpò Primo dé ẹnu ọ̀nà, kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan. Ó fi páálí káàdì ta á lọ́rẹ.

Òjò dídì ń bọ́ lórí òkè. Primo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilda, ó di bẹ́líìtì mọ́ra, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n ti fi afárá kejì sílẹ̀, ó béèrè pé, "Ṣé ó jìnnà?"

"Ó jìnnà," ni Ilda wí. "Ẹ̀yìn òkè yẹn ni, kò sì sí bọ́ọ̀sì tó ń wá síbẹ̀ nígbà òtútù. Ẹ ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n ní oúnjẹ wọn dáa. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

Primo mi orí.

Severina padà sí yàrá rẹ̀. Oògùn ti dín kù, ó ti ń ya irun, ó sì tún ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kọ. Ní oṣù kẹta, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Loredana wá wo yàrá tó ṣófo. Ilda lọ bi àwọn ará ilé lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ibi tí oníkálukú bá wà: Gildo nídìí rédíò, Severina níbi tó ti ń lọ aṣọ. Severina ní kí ọmọ náà máa bọ̀, àmọ́ kì í ṣe yàrá tó kọjú sí tòun, nítorí ọmọ náà ń wúkọ́ jù. Wọ́n pààrọ̀ yàrá. Iṣẹ́ yìí wá pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì ń rẹ Ilda, nítorí bí ẹnì kan bá ti ní "Bẹ́ẹ̀ ni", kò mọ̀ bóyá kóun gbà á gbọ́. Àwọn dókítà láti ìlú mìíràn ṣì ń wá wo bó ṣe ń ṣe é. Ó máa ń ní kí wọ́n lọ bi Severina.

Ó lọ kí Primo nígbà tí yìnyín yọ́. Ó bá a nídìí fèrèsé nínú àga onírọ̀rí. Àwọn ará ibẹ̀ sọ pé kì í dà wọ́n láàmú, kì í sì í ṣe nǹkan kan, kò la igi, kò fọ abọ́. Ilda fún un ní sìgá, ó sì sọ̀rọ̀ fún un nípa Gildo. Nígbà tí ó dìde tó fẹ́ máa lọ, Primo di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ìyá yẹn ńkọ́, ṣé ó tún sọ nǹkan kan nípa mi?"

Irọ́ kékeré kan dé ẹnu Ilda, irọ́ pẹ̀lẹ́ tó lè jẹ́ kó sùn lọ́jọ́ náà. Ó gbé e mì.

"Kò sọ nǹkan kan, Bàbá."

Primo jọ̀wọ́ ẹ̀wù náà. Ilda bọ́ síta, ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀.